Wúrà ńkọ́, ṣé Toph lè darí rẹ̀?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ eré àwòrán (cartoon) Avatar: The Last Airbender dénú. Ọ̀rọ̀ Toph, ọmọbìnrin tó ń fi agbára darí ilẹ̀ àti irin nínú eré náà, ti di àríyànjiyàn láàárín àwa tí a ń wò ó ní Òṣogbo níbí. Nígbà tí wọ́n tì í mọ́nú àpótí irin ní Apá Kejì, ó lu ògiri rẹ̀, ó sì mọ ibi tí ẹrùpẹ̀ wẹ́wẹ́ kù sí nínú irin náà. Ẹrùpẹ̀ yẹn ló dì mú tó fi fa irin ya. Ìdí nìyẹn tí irin tí wọ́n ń pè ní platinum kò fi gbọ́ràn sí àwọn tó ń darí irin lẹ́nu nínú The Legend of Korra, eré tó tẹ̀lé e: ó mọ́ jù.

Wúrà wá ńkọ́? Irin alágbẹ̀dẹ kì í ṣàìní èérí, ṣùgbọ́n wúrà tí wọ́n yọ́ dáadáa ńkọ́? Ta ló rántí ìran kan tí wọ́n ti darí wúrà? Ẹ bá mi sọ apá àti nọ́ńbà rẹ̀.