Ó Ń Mi Orí, Mo Rò Pé Ó Ti Gbà

Ìbéèrè:
Ẹ̀yin àgbà àti ọ̀rẹ́ inú ẹgbẹ́ yìí, mo kí yín o. Ọdún karùn-ún rèé tí èmi àti ìyàwó mi ti fẹ́ra, a kì í jà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá tí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa. Mo sọ fún un pé mo fẹ́ kí àbúrò mi ọkùnrin wá máa gbé lọ́dọ̀ wa títí yóò fi parí iṣẹ́ tó ń kọ́. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà lórí àtẹ, ó ń mi orí sókè sódò, ó ń wí pé "ẹn-hẹn, ẹn-hẹn", mo sì gbà pé a ti fẹnu kò. Ọjọ́ tí àbúrò mi gbé báàgì dé, ó ní òun kò gbà rárá, pé gbígbọ́ lásán ni òun ń gbọ́. Ó tún ní èmi gan-an kì í wo òun lójú bí òun bá ń sọ̀rọ̀, pé ilẹ̀ ni mo máa ń wò bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kò kàn. Bẹ́ẹ̀, bàbá mi ló kọ́ mi pé ọmọ tó bá ń ranjú mọ́ ẹni tó ń bá a wí kò gbẹ̀kọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó tàn mí ni, àbí èmi ni n kò mọ ara obìnrin kà?

Ìyá Ìbejì, Abẹ́òkúta:
Ọmọ mi, kò tàn ọ́. Bí obìnrin bá ń mi orí, tó sì ń gbe ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́sẹ̀, ohun tó ń wí ni pé òun ń gbọ́, kí o máa bá ọ̀rọ̀ rẹ lọ. Ní ìsọ̀ wa, bí oníbàárà bá ń ṣàròyé, gbogbo wa la máa ń mi orí sí i, síbẹ̀ kò sí ẹni tó tíì gbà láti dín owó ọjà. Ọ̀pọ̀ ẹ̀yin ọkùnrin kì í mi orí àfi tí ẹ bá ti gbà, ìdí nìyẹn tí o fi rò pé bákan náà ni tirẹ̀. Nígbà tí o dárúkọ àbúrò rẹ, ṣé ọwọ́ rẹ̀ kò dúró lórí ẹ̀wà?

Olùkọ́ kan, Iléṣà:
Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Ìyá, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká di gbogbo rẹ̀ ru akọ àti abo. Àtọkùnrin àtobìnrin ni a kọ́ nílẹ̀ Yorùbá pé kí wọ́n má ranjú mọ́ àgbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkùnrin ń dọ̀bálẹ̀, tí obìnrin ń kúnlẹ̀. Àṣìṣe yín, arákùnrin, ni pé ojú tí ẹ fi ń wo bàbá yín ni ẹ fi ń wo ìyàwó yín. Ní ti kíka ara, Judith Hall, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, gbé àyẹ̀wò ìwádìí 75 jáde ní ọdún 1978, ó sì rí i pé àwọn obìnrin sábà máa ń mọ ojú, ara àti ohùn kà ju ọkùnrin lọ, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ náà kò tó èyí tí ọkùnrin lè fi ṣe àwíjàre.

Ọmọ ẹgbẹ́ kan, Èkó:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi. Ọ̀pọ̀ àwa obìnrin ni wọ́n tọ́ dàgbà pé ìyàwó kì í sọ "n kò gbà" lójú ọkọ, pàápàá lórí ọ̀rọ̀ ẹbí rẹ̀, nítorí náà ara wa ló máa ń sọ ọ́: a lè dákẹ́ lójijì, a lè gbójú kúrò, a lè bẹ̀rẹ̀ sí í tún ìró ró. Bí ẹ kò bá mọ ìwọ̀nyí kà, ẹ béèrè, kí ẹ sì dúró gba èsì.

Ẹni tó béèrè:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Ìyá, ọwọ́ rẹ̀ dúró lóòótọ́. Mo rántí báyìí pé ẹyọ ẹ̀wà kan wà láàárín ìka rẹ̀ tí kò jù sílẹ̀ títí mo fi parí ọ̀rọ̀. Lálẹ́ àná, mo yí àga mi sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo wò ó lójú, mo sì bi í pé kí ló rí sí i. Kì í ṣe àbúrò mi ni kò fẹ́. Yàrá tí mo ní kí ọmọ náà máa sùn ni ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà, n kò sì bi í ibi tí yóò gbé e sí.