Kí ló yẹ kí àwọn oníná ti ṣe sílẹ̀ kí ìjì òjò tó dé? (Iléṣà)

ÌyáTọ́lá_Òkèsà:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ooru yìí. Òjò ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ báyìí, gbogbo wa la sì mọ bí ìjì tó máa ń ṣáájú ẹ̀ ṣe máa ń ṣe ní Iléṣà, páànù á ṣí, igi á wó, òpó iná á tẹ̀ sójú títì. Lọ́dún tó kọjá ẹ̀ka igi máńgòrò kan ló já lé waya ládùúgbò wa, waya já bọ́ sílẹ̀, iná ń ta pàràpàrà, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tá a máa pè, a kàn dúró lójú ọ̀nà à ń wò ó ni, tọmọdé tàgbà. Màmá mi ti wà lọ́dọ̀ mi báyìí, ẹ̀rọ tó ń fún wọn ní ọ́síjìn ni wọ́n fi ń sùn, ọ̀rọ̀ iná ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ká wo tẹlifíṣọ̀n lọ́dọ̀ tèmi.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé kí ló yẹ kí iléeṣẹ́ iná máa ṣe sílẹ̀ kí ìjì tó dé, báwo ni wọ́n sì ṣe ń mọ ibi tí wọ́n á kọ́kọ́ tún ṣe? Kí làwa ará àdúgbò lè béèrè lọ́wọ́ wọn láìsí ariwo? Àwọn lándílọ́ọ̀dù máa ṣe mítìn-ín lọ́jọ́ Sátidé, mo fẹ́ mú ọ̀rọ̀ gidi lọ síbẹ̀. Ẹ ṣé o.

Gunpólé_Ifẹ̀:
Ẹ kú ìtọ́jú màmá, mà, Ọlọ́run á fún wọn lálàáfíà. Mo ti bá wọn ṣiṣẹ́ waya ní apá Ifẹ̀ àti Mọdákẹ́kẹ́ níbí dáadáa, ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mo mọ̀.

Inú ẹ̀ẹ̀rùn ni iṣẹ́ ìjì wà. Tí ìjì bá ti dé kò sí nǹkan kan téèyàn lè ṣe mọ́ àfi kó máa sáré kiri. Igi ni àkọ́kọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ tọ gbogbo abẹ́ waya kí wọ́n gé ẹ̀ka tó ti ń súnmọ́ ọn, máńgòrò, dóńgóyárò, igi tíìkì, gbogbo ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ kí lándílọ́ọ̀dù má fúnra ẹ̀ gé e o, àwọn oníná ló máa kọ́kọ́ pa iná kí wọ́n tó gùn ún. Lẹ́yìn ìyẹn òpó tó ti jẹrà nídìí, lẹ́yìn ìyẹn tiransifọ́mà.

Ẹ lọ wo tiransifọ́mà yín, ẹ má wọlé sí i o, láti ìta fẹ́ǹsì ni kẹ́ ẹ ti wò ó. Púpọ̀ nínú wọn ní ike kékeré kan tó mọ́ gaara tó so mọ́ ẹ̀gbẹ́ wọn, àwọn horo kan tí wọ́n ń pè ní silica gel ló wà nínú ẹ̀. Epo inú tiransifọ́mà ń gbóná ó ń tutù, torí ẹ̀ tiransifọ́mà náà ń mí bí èèyàn, afẹ́fẹ́ tó bá fà sínú á gba àárín àwọn horo yẹn kọjá kí wọ́n lè fa omi kúrò lára ẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, búlúù ni tó bá gbẹ, tó bá ti mu omi yó ó di píǹkì. Tẹ́ ẹ bá ti rí i tó pọ́n báyẹn, ẹ kọ̀wé sí wọn kíá kí wọ́n wá pààrọ̀ ẹ̀, torí pé epo tó bá ti ní omi nínú kò lè dá iná dúró bó ṣe yẹ mọ́, ọjọ́ tí àrá bá sán ni tiransifọ́mà á bú. Ẹ tún wo inú àpótí fíúsì ẹ̀ tó bá ṣí sílẹ̀, tẹ́ ẹ bá rí i pé waya kọ́pà gbàǹgbà ni wọ́n dì síbi tó yẹ kí fíúsì wà, ẹ yà á ní fọ́tò, ẹ fi kún lẹ́tà.

Ní ti ẹni tí wọ́n máa kọ́kọ́ dá lóhùn, ìdí wà fún un. Waya ńlá 33 kV (ìyẹn ẹgbẹ̀rún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n vólìtì) tó ń bọ̀ láti ibùdó iná 132 kV ni wọ́n máa wò ṣáájú, torí tí ìyẹn ò bá sí gbogbo ìlú ló ṣókùnkùn. Lẹ́yìn ẹ̀ ọsibítù àti ibi tí wọ́n ti ń fa omi, lẹ́yìn ẹ̀ fídà 11 kV, ìyẹn waya tó ń pín iná fún àwọn àdúgbò, èyí tó gbé èèyàn púpọ̀, kí wọ́n tó wá kan tiransifọ́mà àdúgbò kan, ìgbẹ̀yìn pátápátá ni waya tó wọ ilé ẹnì kan. Torí ẹ̀ tí iná bá wà ní òdìkejì títì tí kò sí lọ́dọ̀ yín, fídà tiwọn lè yàtọ̀ sí tiyín ni. Tó bá sì jẹ́ gíríìdì, ìyẹn waya ńlá tó so iná gbogbo Nàìjíríà pọ̀, ló dá, kò sí nǹkan tí ọ́fíìsì Iléṣà tàbí Ifẹ̀ lè ṣe sí i, Òṣogbo ni National Control Centre wà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń darí ẹ̀. Ibùdó tó lè dá tan fúnra ẹ̀, bíi èyí tó ń fi omi ṣe iná ní Ṣíróró, ni wọ́n á kọ́kọ́ tan, wọ́n á wá máa so ìlú mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀ kí 50 hertz (iye ìgbà tí iná ń yí padà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) má baà yẹ̀, tí wọ́n bá so gbogbo ẹ̀ mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan náà ó máa tún dá ni.

Ohun kan tó wà lọ́wọ́ yín rèé: tí iná bá ti lọ, ẹ pa fíríìjì, áyọ́ọ̀nù, pọ́ńpù, ẹ fi gílóòbù kan ṣoṣo sílẹ̀. Bí gbogbo ilé bá fa iná lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tó bá dé, fíúsì á tún já.

Nọ́ọ̀sìAdé:
Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ ọ́síjìn yẹn, wọ́n kọ wáàtì sí i. Èyí tó ń gbé lítà 5 jáde ní ìṣẹ́jú kan máa ń jẹ bíi wáàtì 300 sí 350. Bátìrì ínfátà olómi kan, 12 vólìtì 100 Ah, bíi 1,200 wáàtì-wákàtí ló wà nínú ẹ̀, ìdajì ẹ̀ ló sì yẹ kẹ́ ẹ lò kó má baà bàjẹ́, torí ẹ̀ wákàtí méjì ni tàbí kó dín. Ẹ ní sílíńdà ọ́síjìn kan nílé pẹ̀lú régúlétọ̀ ẹ̀, kí dókítà wọn sọ iye tí wọ́n á ṣí i sí, kí iná àdògán, àbẹ́là àti sìgá jìnnà sí i. Kẹ́ ẹ sì ti mọ mọ́tò tó lè gbé wọn dé ọsibítù lóru kó tó di pé ọ̀rọ̀ dé.

Ẹni tó bá ní ìtọ̀ ṣúgà nílé, tí fíríìjì ò bá ṣiṣẹ́, kó gbé ínsúlín sínú ike tó dé pa, kó gbé ike náà sínú ìkòkò amọ̀ tí wọ́n ń fi omi rin lára, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, kí omi má kan oògùn. Jẹnẹrétọ̀, mo bẹ̀ yín, ìta gbangba ni o, kó jìnnà sí wíńdò. Èéfín ẹ̀ tó ń pani kò ní òórùn, ẹni tó ń sùn ò ní mọ̀ títí.

ỌmọObòkun_UK:
Ẹ káàárọ̀ mà, ọmọ Iléṣà lèmi náà. Ní England níbí nọ́ńbà 105 ni gbogbo èèyàn ń pè tí iná bá lọ, ọ̀fẹ́ ni, 2016 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ó máa gbé yín lọ tààrà sọ́dọ̀ iléeṣẹ́ tó ni waya àdúgbò yín. Wọ́n tún ní ìwé orúkọ kan, Priority Services Register, àwọn àgbàlagbà, àwọn tó ń lo ẹ̀rọ bíi ti màmá, àwọn tó lọ́mọ kékeré, orúkọ wọn wà níbẹ̀, tí wọ́n bá fẹ́ pa iná láti ṣiṣẹ́ wọ́n á ti sọ fún wọn ṣáájú. Èyí gan-an ló wù mí ká ní nílé. Ẹ ò nílò ìjọba kankan láti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ẹ kọ orúkọ irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ tó wà ládùúgbò, tí wọ́n bá gbà, ẹ mú un lọ sí ọ́fíìsì iná kí wọ́n fi mọ àdúgbò yín.

Ní Amẹ́ríkà, tí ìjì bá ba ibì kan jẹ́, iléeṣẹ́ iná ìpínlẹ̀ míì á kó òṣìṣẹ́ wá ràn wọ́n lọ́wọ́, àdéhùn ẹ̀ ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Nígbà ìjì Sandy ní 2012, ọkọ̀ òfuurufú ológun ló gbé mọ́tò àwọn oníná láti California lọ sí New York. Ṣùgbọ́n ní California kan náà, ní 2018, ìkọ́ irin kan tó gbé waya iléeṣẹ́ iná PG&E dání, tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 100 ọdún lórí òpó, jẹ títí ó fi ṣẹ́, iná sọ, ìlú Paradise jó, èèyàn 85 kú. Iléeṣẹ́ náà gbà ní kóòtù ní 2020 pé àwọn jẹ̀bi. Ìkọ́ kan ṣoṣo! Ohun tó ń jẹ́ kí n máa tẹnu mọ́ ọn nìyẹn pé kí wọ́n máa gun òpó lọ wò ó.

ÌyáTọ́lá_Òkèsà:
Ọlọ́run á bù kún gbogbo yín, mo ti ń kọ ọ́ sínú ìwé. Ohun méjì ló kù. Tí waya bá tún wálẹ̀, kí la máa ṣe gan-an? Àwọn kan sì ti ń sọ pé ká dáwó ra tiransifọ́mà tuntun kó tó bàjẹ́, ṣé ká dá a?

Gunpólé_Ifẹ̀:
Mà, waya tó bá wà nílẹ̀, ẹ kà á sí pé iná wà lára ẹ̀, bó tilẹ̀ dákẹ́ tí kò ta. Kí gbogbo èèyàn jìnnà tó mítà 10 ó kéré tán, ẹ má fi igi gbé e, igi tútù ń gbé iná. Ilẹ̀ fúnra ẹ̀ lè ní iná, tí ẹsẹ̀ kan bá wà níbi tí iná ti pọ̀ tí èkejì wà níbi tó ti kéré, iná á gba ara onítọ̀hún kọjá. Ẹni tó bá ti wà nítòsí ẹ̀, kó pa ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ kó máa wọ́ wọn nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí á fi jìnnà. Tó bá bọ́ lé mọ́tò, kí wọ́n jókòó sínú ẹ̀ títí wọ́n á fi pa iná, àfi tí mọ́tò bá ń jó. Ẹ pe 112, ẹ pe ọ́fíìsì iná, ẹ ka nọ́ńbà tó wà lára òpó fún wọn, ìyẹn ló ń jẹ́ ká tètè rí ibẹ̀. Kẹ́ ẹ ti da nọ́ńbà òpó yín kọ sílẹ̀ láti ìsinsìnyí.

Ẹ bá mi sọ ní mítìn-ín pé ẹni tó bá ń ti iná jẹnẹrétọ̀ bọ sókẹ́ẹ̀tì láìsí chéńjíófà, ìyẹn ohun tó ń já ilé kúrò lára waya ìta, iná yẹn ń gba ojú waya padà lọ bá ẹni tó wà lórí òpó. Tiransifọ́mà á sọ ọ́ di ẹgbẹẹgbẹ̀rún vólìtì. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà wá.

BàbáÀgbà_Ìṣọ̀kun:
Ìyá Tọ́lá, ẹ má tíì dáwó. NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣòfin fún iléeṣẹ́ iná, ti sọ ọ́ pé kì í ṣe kọ́sítọ́mà ló máa ra tiransifọ́mà, òpó tàbí waya. Tí àdúgbò bá sọ pé àwọn ò lè dúró, àwọn àti iléeṣẹ́ iná gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn bí owó náà ṣe máa padà sọ́wọ́ yín, kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀. Ẹ kọ lẹ́tà ní ẹ̀dà méjì, ohun tí tiransifọ́mà ń ṣe, fọ́tò, nọ́ńbà òpó, igi tó yẹ kí wọ́n gé, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti déètì sí ẹ̀dà tiyín. Tí wọn ò bá dáhùn, Forum Office ti NERC, níbi tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ kọ́sítọ́mà, lẹ máa gbé e lọ, ẹ̀dà tó ní òǹtẹ̀ yẹn ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ yín.