Ṣé ká ta oko torí iṣẹ́ abẹ rọ́bọ́ọ̀tì?

Okun o, ẹ̀yin ará. Ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ mi bá gùn díẹ̀.

Bàbá wa ní Kàbbà ni jẹjẹrẹ mú ní ìparí ìfun ńlá, lókè ihò ìdí díẹ̀. Wọ́n ti ya àwòrán, ó sì ti gba ìtànṣán tán. Oníṣẹ́ abẹ kan ní Ìlọrin, tọ́wọ́ rẹ̀ ti mọ́ iṣẹ́ náà, ti ṣetán láti la ikùn. Àbúrò mi tó wà ní Íńdíà ní ká máa bọ̀ wá lo rọ́bọ́ọ̀tì da Vinci.

Mo rò tẹ́lẹ̀ pé ẹ̀rọ ló ń dá gé nǹkan. Rárá o, dókítà ló jókòó tó ń darí ẹ. Mo tún rí ìwádìí ROLARR ti 2017, lára aláìsàn 471: rọ́bọ́ọ̀tì kò fi ìyàtọ̀ gúnmọ́ hàn lórí iṣẹ́ abẹ oníhò kéékèèké, èyí tí dókítà ń fọwọ́ ara rẹ̀ ti irinṣẹ́ gba ihò kéékèèké lára ikùn ṣe. Ṣùgbọ́n ihò kéékèèké ni wọ́n fi wé, kì í ṣe ìlakùn! Ibẹ̀ ló ti dà mí rú. Bàbá ní tiwọn ní àwọn ò ní ta oko káṣú àwọn torí irin.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gba ọ̀nà yìí rí: ṣé rọ́bọ́ọ̀tì tó ohun tá a lè torí ẹ̀ ta oko, nígbà tí ọwọ́ tó mọṣẹ́ wà nítòsí?

Ẹ ṣeun ṣáájú.