Yamaha DT 175 àtijọ́: ṣé kí n gba sílíìfù ni, àbí kí n ra búlọ́ọ̀kù mìíràn?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ẹ foríjì mí, ọ̀rọ̀ yìí á gùn díẹ̀.

Alùpùpù Yamaha DT 175, tú-síróòkù ayé àwọn ọdún 1970, ni mò ń tún ṣe lẹ́yìnkùlé mi ní Kubwa. Férémù rẹ̀ ṣì le koko, mo ti ha ìpẹtà rẹ̀, mo sì ti kùn ún. Mo fọ kábúrétọ̀, mo pààrọ̀ plọ́ọ̀gì àti ríìngì, síbẹ̀ kò lágbára.

Ara sìlíńdà, ihò inú búlọ́ọ̀kù tí pístìnì ń lọ sókè sódò nínú rẹ̀, ti ha. 66 mm ni fífẹ̀ tí wọ́n ṣe é, ṣùgbọ́n àwọn tó gùn ún ṣáájú mi ti gbẹ́ ẹ dé 67 mm, mi ò sì rí pístìnì tó tóbi jùyẹn lọ rà kí n lè tún un gbẹ́. (Eruku ọyẹ́ ibí kì í ṣeré. Ẹni tó yọ fílítà afẹ́fẹ́ rẹ̀ dànù ló pa á.)

Tọ́nà kan (ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin) ní Panteka, Kaduna, ní òun lè ki sílíìfù irin bọ̀ ọ́, ìyẹn páìpù irin tí pístìnì á máa rìn nínú rẹ̀. Àwọn ihò tí epo àti èéfín ń gbà ló ń bà mí lẹ́rù: bí ti sílíìfù kò bá ṣe déédéé pẹ̀lú ti búlọ́ọ̀kù, agbára á lọ, ríìngì sì lè há síbẹ̀ kó kán. Búlọ́ọ̀kù ayédèrú wà, owó rẹ̀ ò pọ̀, àmọ́ irin rẹ̀ ò dá mi lójú. Àwọn kan ní kí n gbé íńjìnnì Bajaj sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi sọ ìyẹn. Nítorí ohùn tú-síróòkù yẹn ni mo ṣe rà á.

Ẹ̀yin tí ẹ ti lo méjèèjì rí, èwo ló pẹ́ jù lọ́wọ́ yín, sílíìfù tàbí búlọ́ọ̀kù ayédèrú? Ẹ ṣeun púpọ̀ ṣáájú.