Àbúrò mi fẹ́ kọ́ iṣẹ́ àtúnṣe bàálù, níbo ló ti máa bẹ̀rẹ̀?

Ìyá Ìbejì, Abẹ́òkúta:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àbúrò mi ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ gba èsì WAEC, ó mú Físíìsì àti Ìṣirò dáadáa. Kì í ṣe pé ó fẹ́ wa bàálù o, títún un ṣe ló wù ú. Bàbá wa ní kó kọ́kọ́ lọ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì mọ́tò, kí ọwọ́ rẹ̀ lè mọ irin. Ṣé ọ̀nà ibẹ̀ nìyẹn?

Ọmọ Háńgà, Ìkejà:
Ẹ kú àníyàn àbúrò, mà. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyí, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ dọ́kàn. NCAT (Nigerian College of Aviation Technology) ní Zaria ni ilé ẹ̀kọ́ ìjọba tó ń kọ́ni, láti 1964 ló ti wà. Àmọ́ ìwé ẹ̀rí wọn nìkan ò tó. Ó ṣì máa ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá ní háńgà, ilé ńlá tí a ti ń tún bàálù ṣe, á máa kọ gbogbo ohun tó bá ṣe sílẹ̀, ọ̀gá á máa fọwọ́ sí i, kó tó lè ṣèdánwò ìwé àṣẹ NCAA, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ bàálù ní Nàìjíríà. Kí ìyẹn tó dé ọwọ́ rẹ̀, kò lè fọwọ́ sí bàálù pé kó máa lọ.

Bàbá ò ṣì sọ. Ọwọ́ tó mọ sípánà dáa. Ohun tí mi ò fẹ́ kó kó wálé láti ṣọ́ọ̀bù ni "èyí jọ ọ́, fi sí i." Ní June 1990, gíláàsì iwájú bàálù British Airways kan ṣí lójú ọ̀run lẹ́yìn tó gbéra ní Birmingham. Atẹ́gùn fa ọ̀gá awakọ̀ jáde dé ìdajì ara! Àwọn òṣìṣẹ́ inú bàálù ló di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú títí igbákejì rẹ̀ fi balẹ̀ sí Southampton. Ọlọ́run yọ ọ́. Bóòtù 90 ló di gíláàsì yẹn mú, 84 nínú wọn tínrín ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tó dè é fi ojú wọ̀n wọ́n mọ́ ti àtijọ́, kò wo nọ́ńbà wọn nínú ìwé.

Bàbá Tèmi, Houston:
Òótọ́ ọ̀rọ̀. Lọ́dọ̀ wa níbí, A&P la ń pe ìwé àṣẹ àtúnṣe bàálù, ìyẹn ti ara bàálù àti ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ẹni tí kò lọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ lè fi iṣẹ́ oṣù 30 rọ́pò, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bọ́ lọ́wọ́ ìdánwò mẹ́ta: ti ìwé, ti ẹnu, ti ọwọ́.

Ìyá Ìbejì, Abẹ́òkúta:
Ẹ ṣeun gan-an. Ṣé kó ṣì máa lọ ṣọ́ọ̀bù ná, kó tó wọlé?

Ọmọ Háńgà, Ìkejà:
Kó máa lọ, mà. Kó ṣáà máa ka irinṣẹ́ rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, kó tún kà á tó bá parí. Lọ́dọ̀ wa, bí sípánà kan ṣoṣo bá sọnù, bàálù yẹn ò ní kúrò nílẹ̀ títí a ó fi rí i.