Ẹ̀yin tí eré ìdárayá kì í wù rárá, ẹ wá sọ ìrírí yín

Àjíkẹ́ Àkúrẹ́: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Dókítà ní kí n máa rìn, kí n máa na ara, ẹ̀jẹ̀ mi ti fẹ́ máa ru. Mo gbọ́. Mo ra bàtà, mo ra aṣọ tó máa ń lẹ̀ mọ́ ara yẹn, mo wá fi fóònù sí aago márùn-ún àárọ̀. Bó bá ti dún báyìí, ńṣe ni ara mi á wúwo bí ẹni pé wọ́n so mí mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Kì í kúkú ṣe pé mi ò mọ̀ pé ó dáa. Ta nirú ẹ̀ ti ṣe rí, kí lẹ wá ṣe sí i? Ẹ má pè mí ní ọ̀lẹ o, ọkọ mi ti pè mí bẹ́ẹ̀.

Ẹlẹ́sẹ̀ Fífẹ́: Ọ̀lẹ ni yín. Ọkọ yín ló rán mi.

Ìyá Ìbejì Òjòdú: Aago márùn-ún kẹ̀? Ní aago márùn-ún, èmi ti wà ní bọ́sítọ́ọ̀bù, mò ń bá àwọn ọkùnrin du ìjókòó nínú dáńfó. Ẹ ò tíì rí eré ìdárayá.

Baba Ẹniọlá: Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Àkóbọ̀ ni mò ń gbé n'Íbàdàn. Lọ́dún tó kọjá mo pinnu pé mi ò ní máa wa mọ́tò lọ sí mọ́ṣáláṣí mọ́, torí kò jìnnà, téèyàn bá rọra rìn kò lè tó ogún ìṣẹ́jú. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọkùnrin tó ń ta gáàsì níkòríta dìde dúró: "Alhaji, ṣé kò sí o? Mọ́tò ńkọ́?" Mo ní ó wà nílé. Ó mirí. Mo tún rìn díẹ̀ sí i, ọlọ́kadà kan tó mọ̀ mí dúró, ó ní kí n gorí ẹ̀, òun ò ní gbowó. Mo ní rárá, ó wù mí kí n fẹsẹ̀ rìn ni. Ó wò mí tàánú-tàánú, ó ní, "Ọlọ́run á ṣe é, sà."

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ìròyìn ti dé etí àbúrò mi obìnrin ní Ṣágámù pé mo ti ta mọ́tò. Ó fowó ránṣẹ́. Mo pè é pé kí ló dé, ẹkún ló fi dá mi lóhùn: "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ ń jìyà, ẹ ò sì jẹ́ ká gbọ́!"

Ẹlẹ́sẹ̀ Fífẹ́: Ṣé ẹ dá owó yẹn padà?

Baba Ẹniọlá: Mo fi ra epo sínú mọ́tò.

Dọ̀gbọ́n: Ẹ pa mí o 😂😂😂

Ìyá Ìbejì Òjòdú: Baba Ẹniọlá, ẹ ti fọwọ́ kan ojú egbò. Ní ilẹ̀ wa níbí, ẹni tó bá ń rìn, wọ́n gbà pé kò ní owó ọkọ̀ ni. Ẹni tó bá sì fọn díẹ̀, ìyà ń jẹ ẹ́ nìyẹn. Èmi náà dín jíjẹ iyán alẹ́ kù, mo ń gun àtẹ̀gùn níbi iṣẹ́ wa, ara mi wá ń fúyẹ́. Mo dé ibi ìnáwó kan, àwọn ìyá ọkọ mi fà mí sí kọ̀rọ̀: "Ìyàwó, ṣé ọkọ rẹ ń tọ́jú rẹ ṣá?" Wọ́n gbàdúrà fún mi níbẹ̀. Wọ́n tún ní kí wọ́n fi ẹran mẹ́ta kún tèmi.

Dọ̀gbọ́n: Ẹ jẹ ẹran náà, àbí ẹ ò jẹ ẹ́?

Ìyá Ìbejì Òjòdú: Ṣé kí n ya aláìmoore ni?

Ọlọ́jà Bódìjà: Ẹ̀yin ọlọ́fíìsì lẹ ń ṣe wàhálà yìí. Èmi ń gbé àpò ata láti orí ọkọ̀ wá sí ìsọ̀ mi, orí ìdúró ni mo máa ń wà títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kí ẹnì kan wá sọ fún mi nírọ̀lẹ́ pé kí n lọ na ara! Onítọ̀hún á rí tèmi.

Physio Ìlọrin: Ẹ ò parọ́, ìyá wa. Ara kì í béèrè bóyá jíìmù ni tàbí ọjà. Ẹ kàn rọra máa tẹ orúnkún dáadáa tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé ẹrù, kí ẹ má fi ẹ̀yìn fà á.

Àjíkẹ́, physio ni mí, ọ̀rọ̀ iṣan, eegun àti bí ara ṣe ń rìn niṣẹ́ mi, torí náà ẹ gbà á lẹ́nu mi: ohun tí wọ́n ń pè ní ọ̀lẹ yẹn, bí wọ́n ṣe dá ara nìyẹn. Láyé àtijọ́, èèyàn á rìn, á wa ilẹ̀, á lé ẹran, kó tó rí oúnjẹ jẹ. Agbára téèyàn bá fi ṣòfò lónìí lè di ebi lọ́la. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí kò bá sí ohun tó ń lé wa tàbí ohun tá a fẹ́ mú, ara á ní ká jókòó. Àwọn Hadza wà ní Tanzania tí wọ́n ṣì ń ṣọdẹ, tí wọ́n ń wá oyin inú igi. Àwọn onímọ̀ so ẹ̀rọ mọ́ wọn lára láti mọ bí wọ́n ṣe ń sinmi, ìsinmi wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí 10 lójúmọ́! Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ sí wa ni pé wọ́n sábà máa ń lóṣòó tàbí kí wọ́n kúnlẹ̀, iṣan ẹsẹ̀ wọn ń ṣiṣẹ́. Àwa rèé lórí àga tìmùtìmù.

Àjíkẹ́ Àkúrẹ́: Mo ti kà á fún ọkọ mi. Ó ní ṣé Hadza ni mí.

Ọmọ Òkè-Àrẹ̀: Mo ní kí n lóṣòó wo bóyá n á lè pẹ́ níbẹ̀. Ọmọ mi ló fà mí dìde.

Tọ́pẹ́ A.: Ẹ ń ṣàwàdà, ó dáa, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Mo fẹ́ràn kí n máa sáré, mo ń sá a ní yunifásítì. Níbi tí mò ń gbé báyìí, gọ́tà ló wà níbi tó yẹ kéèyàn máa rìn. Tó o bá sọ̀ sí títì, kẹ̀kẹ́ Maruwa á fẹ́ gbá ọ. Tí ilẹ̀ ò bá tíì mọ́, ajá àdúgbò á lé ọ. Tí ilẹ̀ bá ti mọ́, àwọn ọkùnrin tó jókòó síbi tí wọ́n ń ta páráagà á máa pariwo "Àǹtí, sáré wá síbí!" Ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ kọ́ lèyí.

Ìyá Ìbejì Òjòdú: Gbá mú!! Kí wọ́n kọ́kọ́ fún wa lọ́nà.

Dọ̀gbọ́n: Ajá tó ń lé ọ yẹn gan-an, ṣé kò jẹ́ kó o sáré ni?

Tọ́pẹ́ A.: Dọ̀gbọ́n, má jẹ̀ẹ́ kí n fèsì.

Nọ́ọ̀sì Peckham: Tọ́pẹ́, pẹ̀lẹ́ o. Ní ìlú ọba níbí, ohun tó gbé mi dìde ni Parkrun, ìyẹn eré tí èrò jọ máa ń sá tàbí rìn nínú pápá ìgbafẹ́. Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, aago mẹ́sàn-án, kílómítà 5, ọ̀fẹ́ ni. Bushy Park ní London ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 2004, èèyàn 13 péré ló sáré lọ́jọ́ yẹn. Kò sí ẹni tó fi dandan lé e pé kó o sáré. Wọ́n tiẹ̀ ní ẹnì kan tí iṣẹ́ ẹ̀ ò ju kó máa rìn lẹ́yìn gbogbo èrò, kó má bàa sí ẹni tó máa sọ pé òun ló kẹ́yìn. Èmi àti obìnrin Ìjẹ̀bú kan la jọ máa ń rìn. Òfófó la máa ń ṣe látìbẹ̀rẹ̀ dópin! Òjò rọ̀, òtútù mú, mo máa ń lọ, torí mo fẹ́ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ìyàwó ọmọ ẹ̀ ṣe parí sí.

Ẹlẹ́sẹ̀ Fífẹ́: Báwo ló wá ṣe parí sí?

Nọ́ọ̀sì Peckham: Kò tíì parí. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó parí, n á sanra.

Ọmọ Òkè-Àrẹ̀: Àwa náà ní kíípù-fíìtì ní Sátidé ní àdúgbò wa. Ẹ̀wù kan náà, orin, ọkùnrin alágbára kan tó ń pàṣẹ. Tá a bá parí, ó di ẹ̀yìn ilé Alága: ẹran ewúrẹ́ ata àti bíà tútù. Gbogbo ohun tá a bọ́ sílẹ̀, a á tún gbé e wọ̀.

Baba Ẹniọlá: Ìdí tí wọ́n fi ń wá nìyẹn, ẹ má fi ọwọ́ kàn án.

Ìyá Ìbejì Òjòdú: Ijó òwàm̀bẹ̀ ńkọ́? Èmi lè jó fújì fún wákàtí méjì láìjókòó. Kò sẹ́ni tó máa ń fi fóònù jí mi fún ìyẹn.

Dọ̀gbọ́n: Ijó wo? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń dúró lójú kan, tẹ́ ẹ kàn ń mi èjìká kí wọ́n lè ná yín lówó. Ẹ lọ jó bàtá ká rí i.

Ìyá Ìbejì Òjòdú: Ìwọ jó bàtá rí?

Dọ̀gbọ́n: Ọ̀rọ̀ yín là ń sọ, ẹ má yà sí tèmi.

Physio Ìlọrin: Ijó wà nínú ẹ̀ dáadáa, bí ó bá ti lè jẹ́ kí ẹ mí sókè díẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ ní 2020 pé kí àgbàlagbà fi ìṣẹ́jú 150 sí 300 lo ara lọ́sẹ̀, ẹ sì lè pín in wẹ́wẹ́. Ẹ gbàgbé 10,000 ìṣísẹ̀ tí gbogbo ayé ń pariwo ẹ̀, ilé iṣẹ́ kan ní Japan ló fi polówó ẹ̀rọ tó ń ka ìṣísẹ̀ ní 1965. Ọ̀rọ̀ ọjà ni.

Àjíkẹ́ Àkúrẹ́: Nísinsìnyí lọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Ẹ mọ ohun tó jẹ́ ìyàlẹ́nu fún mi? Èmi yìí náà gun òkè Ìdànrè nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ wa láti sùkúù pàdé. Àtẹ̀gùn 667! A ń kọrin, à ń ya fọ́tò, à ń fi olórí kíláàsì wa tó ń mí gúlegúle ṣe yẹ̀yẹ́. Mi ò mọ ìgbà tá a débi ààfin àtijọ́ lókè yẹn.

Dọ̀gbọ́n: Àtẹ̀gùn yẹn ju 667 lọ. Mo kà á.

Ọmọ Òkè-Àrẹ̀: 667 ni wọ́n máa ń sọ fún gbogbo èèyàn.

Ẹlẹ́sẹ̀ Fífẹ́: Dọ̀gbọ́n, kó tó dé 300 lojú rẹ ti ń ṣú. Kí lo kà?

Dọ̀gbọ́n: Nígbà tí mò ń sọ̀ kalẹ̀ ni mo kà á.

Tọ́pẹ́ A.: Àǹtí Àjíkẹ́, Àkúrẹ́ lèmi náà wà o. Ẹ jẹ́ ká jọ máa rìn ní Sátidé, ní ẹ̀gbẹ́ Alágbàká. Ajá ò ní lè lé èèyàn méjì.

Àjíkẹ́ Àkúrẹ́: Ó tó mi! Aago mẹ́fà ààbọ̀ ni kó jẹ́ o, kì í ṣe márùn-ún.

Káyọ̀dé Ìkẹjà: Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni. Èmi ra treadmill, ẹ̀rọ tí wọ́n ń sáré lórí ẹ̀ nínú ilé yẹn. Ó wà ní pálọ̀ wa. Ìborí ìyàwó mi, báàgì àwọn ọmọ, aṣọ tí kò tíì gbẹ, orí ẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ wà. Ìgbà tí mo bá sì rántí ẹ̀, iná ò ní sí.

Physio Ìlọrin: Ẹlẹ́wọ̀n ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe irú ẹ̀ fún. Ní 1818, William Cubitt ní England ṣe àgbá ńlá kan tó ń yí, àwọn ẹlẹ́wọ̀n á máa gun àtẹ̀gùn ara ẹ̀ fún wákàtí lọ́nà wákàtí, wọn ò ní débì kankan.

Dọ̀gbọ́n: Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé fowó ara wọn ra ẹ̀wọ̀n.

Ọlọ́jà Bódìjà: Èló lẹ máa tà á? Ọmọ mi ń wá irú ẹ̀.

Káyọ̀dé Ìkẹjà: Ẹ má sọ ọ́ sókè, mà. Ìyàwó mi ní níbo lòun á wá máa sá ìborí sí.