Ẹ gbà mí o: fáànù mẹ́ta ni mo rà sí kọ̀ǹpútà mi, ariwo rẹ̀ tún wá pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ

Àdùkẹ́ Olóhùn:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi yóò gùn. Ó ti sú mi ni, láti ìjẹta ni mi ò ti sùn dáadáa.

Iṣẹ́ ìpolówó ọjà ni mò ń ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Ẹni tó ń ta sìmẹ́ńtì, ẹni tó ń ta aṣọ, ẹni tó fẹ́ kí n bá òun ki ìyàwó ọ̀sìngín, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń wá. Ohùn ni mo fi ń jẹun. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bàbá kan tó ń ta sìmẹ́ńtì ní Sábó gbé ìpolówó tí mo ṣe fún wọn sórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn inú ọkọ̀. Ojú mi ló ṣe. Kí ohùn mi tó wọlé, “hùùùù” ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ gbọ́, bí ẹni pé wọ́n ń lọ ata lẹ́yìn ilé. Bàbá wò mí. Wọn ò bú mi, wọ́n kàn ní kí n dá owó àwọn padà, mo sì dá a padà.

Kọ̀ǹpútà mi ló ń hu bẹ́ẹ̀. Mo ti kọ́kọ́ gbé e lọ bá ọmọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ó ní ooru ló ń mú un pariwo, pé iwájú rẹ̀ dí pa, kò rí ibi mí. Ó ní kí n ra fáànù mẹ́ta. Ìlọrin ni mo ti lọ rà wọ́n, ₦27,000, mi ò tíì ka owó ọkọ̀. Ó lu ihò wẹẹrẹ sí iwájú rẹ̀, ó so fáànù méjì síbẹ̀, ó so ọ̀kan sẹ́yìn, ó gba ₦10,000 owó iṣẹ́. Ọjọ́ tí mo gbé e délé ni ariwo di ìlọ́po méjì. Mo pè é títí, kò gbé fóònù. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wá ń sọ pé òun ti wí tẹ́lẹ̀, pé kí n lọ wá iṣẹ́ mìíràn kọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju owó lọ.

Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n ṣe tí kọ̀ǹpútà yìí á fi tutù, tí á sì dákẹ́?

Bàbá Fótò:
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ó ti ṣe mí rí. Lọ́dún 2019, lásìkò ọyẹ́, fótò ìgbéyàwó ni mò ń tò lọ́wọ́ tí tèmi kú fin-ín. Nígbà tí mo ṣí i, eruku ti dì mọ́ irin tó wà lábẹ́ fáànù bí òwú. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà kó bá mi fi afẹ́fẹ́ táyà fọ́n ọn. Ẹnìkan kò sọ fún mi pé èèyàn gbọ́dọ̀ fi ìka di abẹ fáànù mú kó má baà yí. Ó yí títí bẹ́árìǹgì rẹ̀ fi lọ, láti ọjọ́ náà ló ti ń ké “gìrìrì”. Ẹ yẹ eruku wò o.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ ta á, ẹ ra láptọ́ọ̀pù. Ìbànújẹ́ yìí ti pọ̀ jù fún ẹ̀rọ lásán.

Ọmọ Under-G:
Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìrọ́jú. Ká tó wí nǹkan kan, ẹ dá mi lóhùn. Tí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, dígírì mélòó ni ooru rẹ̀ ń dé? Áàpù HWMonitor yóò fi hàn yín, ọ̀fẹ́ ni. Ariwo náà, ṣé ó ń lọ sókè tó ń wálẹ̀ ni, àbí bákan náà ló rí látìgbà tí ẹ bá ti tàn án? Ibo lẹ gbé e sí? Ti ariwo yẹn ló ká mi lára jù.

Túbọ̀sún Ińfátà:
Àwọn fáànù iwájú yẹn ló fa gbogbo rẹ̀. Ooru la fẹ́ lé jáde, kí ló dé tí wọ́n tún ń fẹ́ afẹ́fẹ́ wọlé? Ẹ jẹ́ kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjú síta. Ó lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń so ińfátà, mo mọ ohun tí mò ń wí.

Ọmọ Under-G:
Ọ̀gá Túbọ̀sún, ẹ má bínú, mi ò gbà. Bí afẹ́fẹ́ tútù kò bá wọlé, kí ni yóò jáde? Ẹ wo ààrò. Ẹnu tí a fi ń koná náà ni atẹ́gùn ń gbà wọlé. Ẹ dí i, kí ẹ wò ó bóyá iná á jó. Iwájú ló yẹ kó máa fà á wọlé, kí ẹ̀yìn àti òkè máa tú u jáde, torí òkè ni ooru ń lọ. Bí èyí tó ń wọlé bá sì fi díẹ̀ pọ̀ ju èyí tó ń jáde lọ, eruku ò ní rí ojú ihò kéékèèké gbà wọlé, afẹ́fẹ́ inú ni yóò máa tì í síta. Àwa tí a ń gbé Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà ọyẹ́ mọ ohun tí eruku ń fojú ẹni rí. Ojú fáànù tí sítíkà wà, tí àwọn apá tẹ́ẹ́rẹ́ di àárín rẹ̀ mú, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà jáde.

Túbọ̀sún Ińfátà:
Ẹ̀yin ọmọ Yunifásítì LAUTECH, ìwé ni gbogbo tiyín. Èmi ti ṣe é, ó sì ṣiṣẹ́.

Àdùkẹ́ Olóhùn:
Ẹ ṣé gan-an. Ìyá Ìbejì, láptọ́ọ̀pù tó lè gbé iṣẹ́ mi, owó rẹ̀ kò sí nílẹ̀ mà. Àbúrò Under-G, ẹ̀gbẹ́ tábìlì mi ló wà, orí sìmẹ́ńtì. Tòkunbọ̀ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí kò dára o, ọdún mẹ́rin ló ti ń bọ́ mi. Àpá ihò tí ọmọkùnrin yẹn lù sójú rẹ̀ ló ń bí mi nínú, kò tiẹ̀ gún régé.

Àǹtí Tíṣà, Ọ̀yọ́:
Ẹ ò tíì dáhùn ìbéèrè tó bi yín. Ẹ̀yin tí ẹ fi ohùn jẹun, kí ló dé tí kọ̀ǹpútà àti makirofóònù fi wà nínú yàrá kan náà? Ẹ gbé e sí yàrá kejì, kí ẹ ra wáyà USB mítà 5, kí ẹ gba ojú fèrèsé nà án wọlé.

Bàbá Fótò:
Ẹ̀gbọ́n, nígbà tó ń lu ihò yẹn, ṣé ó tú bọ́ọ̀dù, pátákó tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà so mọ́, kúrò ná? Ìyẹ̀fun irin tó bá bọ́ sórí bọ́ọ̀dù lè so iná pọ̀, kó sì jó o.

Àdùkẹ́ Olóhùn:
Kò tú nǹkan kan. Ó fi bébà bò ó ni, mo dúró tì í.

Àǹtí Tíṣà, yàrá kan ni mo ní, èmi, ọkọ mi àti ọmọ wa la jọ wà níbẹ̀. Ẹ má rò pé mo kàn káwọ́ gbera. Fóòmù tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí mo lẹ ògiri, mo gé e, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú kọ̀ǹpútà náà látòkè délẹ̀, kí ariwo má baà gba ihò wọ̀nyẹn jáde. Ó pa ariwo ògiri, ó yẹ kó lè pa ti kọ̀ǹpútà.

Ọmọ Under-G:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró. Ọjọ́ wo lẹ lẹ fóòmù yìí?

Àdùkẹ́ Olóhùn:
Ọjọ́ tí mo gbé e délé náà ni. Kí n tó tàn án.

Ọmọ Under-G:
Ihò tí ẹ san ₦10,000 kí wọ́n lù ni ẹ dí yẹn. Ooru wà nínú rẹ̀, kò rí afẹ́fẹ́ tútù fà, fáànù orí pírósẹ́sọ̀, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, wá ń sáré àsápajúdé. Ẹ yọ ọ́ lónìí. Fóòmù dára ní inú, lára irin ẹ̀gbẹ́ tí kò ní ihò. Ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà, rárá. Nítorí eruku, sọ́kìsì obìnrin tó fẹ́lẹ́ ni kí ẹ nà bo iwájú, kí ẹ máa fọ̀ ọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ gbé e kúrò nílẹ̀, kí ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì àti mágínẹ́ẹ̀tì yẹ inú rẹ̀ wò, ẹ má jẹ́ kí mágínẹ́ẹ̀tì kan bọ́ọ̀dù. Kọ́kọ́ yọ wáyà iná o.

Àǹtí Tíṣà, Ọ̀yọ́:
Ṣé ẹ rí i pé ó yẹ kí ẹ ti sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àdùkẹ́ Olóhùn:
Ẹ má bínú sí mi. Mi ò mọ̀ pé ó kan ọ̀rọ̀ náà.

Mo ti yọ ọ́. Fóòmù náà ti fà wọnú, àmì róbótó dúdú méjì ló wà lẹ́yìn rẹ̀, bí ẹni tẹ ìsàlẹ̀ ìkòkò mọ́ ọn. Irin wíńníwínní mẹ́rin ni mo bá nísàlẹ̀. Dígírì 94 ni HWMonitor kọ kí n tó yọ fóòmù. Lẹ́yìn tí mo yọ ọ́, mo tún iṣẹ́ kan náà ṣe fún ogún ìṣẹ́jú, 71 ló dúró sí. Èyí tó ń sáré ti rọ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n hùùù kan ṣì wà níbẹ̀ tí kò lọ sókè, tí kò wálẹ̀.

Ọmọ Under-G:
Ó dáa. Bí pírósẹ́sọ̀ bá ń sún mọ́ 100, òun fúnra rẹ̀ ni yóò dẹ̀ ẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, 71 kò burú. Ẹ tọ wáyà fáànù tuntun wọ̀nyẹn lọ. Ṣé bọ́ọ̀dù ló já sí, àbí wáyà páwà-páàkì tó ń pín iná fún kọ̀ǹpútà, èyí tí ihò mẹ́rin ńláńlá wà lẹ́nu rẹ̀?

Àdùkẹ́ Olóhùn:
Ihò mẹ́rin ńlá. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ọmọ Under-G:
Òun nìyẹn. Fólítì 12 ló ń gbà nígbà gbogbo, gbogbo agbára rẹ̀ ló fi ń yí, iṣẹ́ ń bẹ tàbí kò sí. Ẹ yọ wọ́n níbẹ̀, kí ẹ kì wọ́n sí bọ́ọ̀dù níbi tí wọ́n kọ SYS_FAN tàbí CHA_FAN sí. Bí ẹnu fáànù náà bá ní ihò mẹ́ta, ẹ yan DC nínú BIOS, ojú ètò tí ẹ lè ṣí kí Windows tó wọlé. Tó bá jẹ́ mẹ́rin, PWM. Lẹ́yìn náà ẹ fa eré rẹ̀ wálẹ̀, kó máa yí jẹ́jẹ́ títí ooru yóò fi dé bí 60. Ẹ má so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ ojú kan, ampere 1 ni ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù ń gbé lójú kan.

Túbọ̀sún Ińfátà:
Ti páwà-páàkì yìí, òótọ́ ló sọ. Níwọ̀n bó ti jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n nu thermal paste àtijọ́, ọ̀rá tó ń gbé ooru lọ sára irin abẹ́ fáànù, kúrò lórí pírósẹ́sọ̀, kí wọ́n fi tuntun sí i. Ti àtijọ́ á ti gbẹ bí èkúrú.

Àdùkẹ́ Olóhùn:
Méjì ti wọlé sára bọ́ọ̀dù, ojú kẹta kò sí. Ti ẹ̀yìn àti ọ̀kan níwájú ni mo so, mo fi ìkẹta sílẹ̀ ná. Mo gbohùn sílẹ̀ láìsọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú kan, mo gbé e wọ etí. Àkùkọ ilé kejì ni mo gbọ́.

Ó ku nǹkan kan tí mo fẹ́ bi yín. Bàbá onísìmẹ́ńtì yẹn, mo fẹ́ tún ti wọn ṣe láìgba kọ́bọ̀. Ṣé kí n pè wọ́n ni?

Ìyá Ìbejì:
Ẹ má pè. Ẹ fẹsẹ̀ ara yín lọ láàárọ̀, kí èrò tó pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù wọn. Ẹ kúnlẹ̀ kí wọn, kí ẹ fi í sórí fóònù lọ́wọ́ yín, kí wọ́n gbọ́ ọ kí ẹ tó sọ̀rọ̀ kankan.